Gíláàsì Iwájú Ọkọ̀ Mi Ń Jò: Ṣé A Lè Dí I Fúnra Wa Nílé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Abẹ́òkúta, Corolla tòkúnbọ̀ ọdún 2005 ni mo sì ń wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, òkúta ta lu gíláàsì iwájú rẹ̀ lọ́nà Ṣágámù, mo sì ní kí wọ́n bá mi pààrọ̀ rẹ̀. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi ń dé ibi ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kì í gbẹ mọ́, ó sì ti ń rùn. Aládùúgbò mi kan ní kí n ra sílíkónì tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, kí n fi kun etí gíláàsì náà yíká. Ọmọ mi ọkùnrin wà nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ṣé a lè ṣe é fúnra wa? Bí a bá ṣe é, ṣé mo lè wà á lọ sí Èkó lọ́jọ́ kejì?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú òjò, ẹ sì kú ìnira ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀yin àti ọmọ yín lè ṣe é nílé, bó bá jẹ́ pé ojú kékeré kan ni omi ń gbà wọlé, tí gíláàsì náà sì dúró ṣinṣin níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bó bá ti ṣí kúrò lára irin, ó ti di iṣẹ́ oníṣẹ́ gíláàsì nìyẹn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ó wù kó jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ra sílíkónì yẹn. Iṣẹ́ gíláàsì ọkọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ọkọ̀ tí wọ́n ti fi sílíkónì púlọ́ńbà kùn yíká ló sì máa ń le jù láti tún ṣe.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tó kùn ún kò kọ́kọ́ wá ojú ibi tí omi ń gbà. Omi a máa rìn. Ẹ wo òrùlé páànù tó ń jò: ibi tí omi ti ń kán sórí ibùsùn lè jìnnà sí ibi tí ìṣó ti lu páànù, nítorí omi ti bá igi àjà rìn kó tó já bọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ọkọ̀. Omi tó gba igun òkè gíláàsì wọlé lè bá inú òpó ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kó gba ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù kọjá, kó tó yọ síbi ẹsẹ̀. Bí ẹ bá lọ dí ìsàlẹ̀ gíláàsì nítorí pé ìsàlẹ̀ lẹ ti rí omi, òjò tó ń bọ̀ yóò tún bá yín nídìí ẹ̀.

Ó tilẹ̀ lè má jẹ́ gíláàsì rárá. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ àwọn afurasí tó kù kúrò. Bí éésì bá ń ṣiṣẹ́, omi máa ń ṣẹ́ sára irin tútù tó wà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, ojú ihò kékeré kan ló sì ń gbà jáde sísàlẹ̀ ọkọ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí ojú ihò yẹn, ibi ẹsẹ̀ ni omi yóò dà sí. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ pàápàá, ilẹ̀ ọkọ̀ á tutù lẹ́yìn tí ẹ bá tan éésì, ẹ kò sì ní rí omi tó ń kán sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ bó ṣe yẹ. Rédíétọ̀ kékeré kan náà tún wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń mú inú ọkọ̀ gbóná ní ìlú òtútù. Tiwa kì í sábà rántí pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà máa ń jò. Omi tirẹ̀ máa ń ní àwọ̀, ó máa ń yọ̀ lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì dà bí ohun dídùn. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ọ wò o, májèlé ni. Bí ọkọ̀ bá sì ní òrùlé tó ń ṣí, rọ́bà wà ní igun rẹ̀ tó ń gbé omi òjò sọ̀ kalẹ̀ nínú òpó. Bí rọ́bà náà bá dí tàbí tó yọ, ẹnikẹ́ni tó bá rí omi náà yóò búra pé gíláàsì ló ń jò. Nínú ilẹ̀kùn pẹ̀lú, ọ̀rá kan wà lẹ́yìn páálí tí wọ́n fi bò ó. Bí réwáyà tàbí ẹni tó tún gíláàsì ilẹ̀kùn ṣe bá ti ya á, tí kò dá a padà, omi á gba ibẹ̀ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tó fura.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ yẹ̀ wò gidi ni ike dúdú tó wà lábẹ́ wáípà. Ihò wà níbẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ọkọ̀, ojú ọ̀nà sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì tí omi òjò ń gbà sọ̀ lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá ń gbé ọkọ̀ sábẹ́ igi, ewé á kún ibẹ̀, á jẹrà, á di bí iyẹ̀pẹ̀, omi á sì gorí rẹ̀ títí yóò fi gba ihò afẹ́fẹ́ wọlé. Apá ọ̀tún tí èrò iwájú ń jókòó sí gan-an ni bùlówà, fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọkọ̀, wà nínú ọkọ̀ yín. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ ike yẹn, kí ẹ fi ọwọ́ kó ewé kúrò, kí ẹ sì bu omi sí i díẹ̀díẹ̀ láti rí i pé ó ń lọ sílẹ̀ geerege. Mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìyẹn nìkan la ṣe tí jíjò náà fi dópin.

Ní ti ọkọ̀ yín, òjò nìkan ló ń fa omi yìí, òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì ló sì bẹ̀rẹ̀. Gíláàsì ni mo fura sí jù. Àmọ́ a ní láti rí ojú ibẹ̀ gan-an, kó má di pé à ń kun gbogbo rẹ̀ kiri.

Ẹ yan ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì apá ọ̀tún sókè, kí ẹ fi àkísà nu gbogbo ibẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Àpótí ìkẹ́rù tó wà níwájú èrò máa ń yọ bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sínú. Ẹ yọ ọ́, kí ojú lè rí ẹ̀yìn ibẹ̀. Ẹ wá ya tíṣù funfun wẹ́wẹ́, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí òpó, sí igun dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tó ti pàdé gíláàsì, àti sábẹ́ ibi tí ẹ ti yọ àpótí. Tíṣù kì í purọ́: ìkán omi kan ṣoṣo bá kàn án, àwọ̀ rẹ̀ á yí. Páúdà funfun tí ẹ bá wọ́n sára irin náà dára, nítorí ipa ọ̀nà tí omi gbà á hàn lára rẹ̀.

Kí ọmọ yín wọ inú ọkọ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì, kó ti gbogbo ilẹ̀kùn. Kí ẹ̀yin wà níta pẹ̀lú họ́ọ̀sì. Ẹ má fi ohunkóhun sí ẹnu họ́ọ̀sì náà. Ẹ jẹ́ kí omi máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi alágbára tí àwọn afọkọ̀ ń lò lè ti omi gba ibi tí òjò kò lè gbà láéláé, ó sì lè ká rọ́bà etí gíláàsì sókè. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ da omi sórí ike abẹ́ wáípà nìkan fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 5, kí ẹ sì dúró. Bí ọmọ yín kò bá rí nǹkan, ẹ lọ sí igun ìsàlẹ̀ gíláàsì lápá ọ̀tún, lẹ́yìn náà ẹ gun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀ títí dé igun òkè, kí ẹ tó dé etí òkè tó pàdé òrùlé. Bí ẹ bá ti òkè bẹ̀rẹ̀, gbogbo gíláàsì ni yóò tutù lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò sì ní mọ ibi tí omi ti wọlé. Sùúrù ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, torí omi lè pẹ́ nínú òpó kó tó yọjú. Ìgbà tí ọmọ bá ké pé òun ti rí i, ẹ pa omi, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ara ọkọ̀ níta ní ọ̀gangan ibi tí ẹ wà. Ẹ nu ún gbẹ, kí ẹ sì tún dá a wò. Bí ibẹ̀ bá jò lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa bá ìyókù lọ, torí ojú jíjò lè ju ẹyọ kan.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi agbára fa ike òpó ẹ̀gbẹ́ gíláàsì láti wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ AIRBAG tàbí SRS sára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá: àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde láti gba èèyàn mọ́ra bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wáyà aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ bá rí lábẹ́ ìjókòó tàbí nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ti airbag náà ni. Ẹ má yọ ọ́.

Ọ̀nà kejì wà tí mo fẹ́ràn gan-an fún ojú jíjò tó kéré. Ẹ tan bùlówà dé òpin, kí ẹ fi í sí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, kí ẹ ti gbogbo wíńdò àti ilẹ̀kùn. Inú ọkọ̀ á kún fún afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà àbájáde. Kí ọmọ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tí a rì sínú omi ọṣẹ pa etí gíláàsì níta yíká. Ibi tí ìfófòó bá ti ń hó, tó ń wú jáde, ẹ sàmì síbẹ̀. Bí ibi tí ìfófòó ti hó bá jẹ́ ibi tí họ́ọ̀sì ti tọ́ka sí, ọkàn yín á balẹ̀.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ṣe àyẹ̀wò kan sí i. Kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀, kó fi àtẹ́lẹwọ́ ti gíláàsì síta díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ẹ sàmì sí, kí ẹnì kejì máa wo etí rẹ̀ níta. Kó má fi agbára tì í. Bí gíláàsì náà bá mì, bí ẹ bá rí i tó ń ya kúrò lára irin, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ kò gbọ́dọ̀ dí i nílé mọ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Nínú ọkọ̀ bíi tiyín, wọn kì í kàn gbé gíláàsì iwájú sójú ihò. Gọ́ọ̀mù líle kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí irin, gíláàsì àti irin á sì di ọ̀kan. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, gíláàsì yìí wà lára ohun tó ń ran òrùlé lọ́wọ́ kó má bàa tẹ̀ wọlé. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, airbag tó wà níwájú èrò á tú jáde, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ara gíláàsì ló sì máa ń fẹ̀yìn tì kó tó lè gba èrò mọ́ra. Gíláàsì tí kò lẹ̀ dáadáa yóò fò jáde, airbag á tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ èyí ní Amẹ́ríkà débi pé nínú àwọn òfin ààbò ọkọ̀ wọn, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 212, ọ̀rọ̀ gíláàsì iwájú nìkan ló dá lé: pé kò gbọ́dọ̀ ṣí kúrò lójú rẹ̀ bí ọkọ̀ bá forí sọ. Ẹni tó máa ń jókòó síbi tí omi ń dé yẹn ni mò ń rò, Màmá. Jíjò tí ẹ rí lè jẹ́ pé ìka kan péré ni gọ́ọ̀mù ti fo, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ẹ̀gbẹ́ kan ni kò mú.

Nítorí náà, bí gíláàsì bá ń mì, bí ẹ bá ń gbọ́ tí afẹ́fẹ́ ń súfèé ní etí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá sáré, bí omi bá ń gba ibi púpọ̀ wọlé, tàbí bí irin tó wà lábẹ́ rọ́bà bá ti dógùn-ún débi pé ó ń ṣí wẹ́wẹ́, ẹ gbé e padà lọ bá oníṣẹ́. Kó yọ gíláàsì náà pátá, kó sì lẹ̀ ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bákan náà bí ẹ bá rí i pé sílíkónì ni ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀ fi lẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ gọ́ọ̀mù náà wò: polyurethane dúdú máa ń le, ó máa ń gan bíi rọ́bà táyà, sílíkónì máa ń rọ̀, ó sì máa ń ṣí bí ẹ bá fi èékánná fà á.

Ẹ wá gbọ́ ẹjọ́ tí mo ń bá sílíkónì púlọ́ńbà rò. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa ń rùn bí ọtí kíkan bó bá ń gbẹ. Òórùn yẹn, ásíìdì ni. Bó bá kan irin tí ọ̀dà rẹ̀ ti bó, á mú un dógùn-ún, ìpẹtà náà á sì máa jẹ ẹ́ lọ lábẹ́ ibi tí ojú kò tó. Èyí tó burú jù ni pé polyurethane kì í lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkónì bá ti kàn. Ẹ lè fá a, kí ẹ fi spírítì nu ún, ìyókù rẹ̀ tí ojú kò rí á ṣì wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ gíláàsì, ibi tí ẹ kùn lónìí ni kò ní mú. Oríṣi sílíkónì olómi kan wà tí wọ́n ṣe fún gíláàsì ọkọ̀, tó ń ṣàn wọ inú ojú jíjò tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Permatex ń ṣe irú rẹ̀. Ìyẹn sàn ju ti púlọ́ńbà lọ, ó sì wúlò níbi tí gọ́ọ̀mù tó ki kò lè wọ̀. Síbẹ̀ sílíkónì náà ni. Bí ẹ bá lò ó, ẹ rántí sọ fún oníṣẹ́ tí yóò fọwọ́ kan gíláàsì náà lẹ́yìn yín.

Ohun tí èmi yóò fi ṣe ti yín ni polyurethane, gọ́ọ̀mù wíńsíkírìn tí àwa oníṣẹ́ ń lò. Ẹ óò rí i ní Ládípọ̀ ní Mushin, tàbí ní Aràròmí, ọjà àwọn onísípéà ní Agodi Gate níbí. Túùbù rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 310 mílílítà. Ẹ wo ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ọwọ́ tẹ ara túùbù náà. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú gọ́ọ̀mù yìí gan, ooru sì ń ba a jẹ́, nítorí náà èyí tí wọ́n ti gbé sínú oòrùn fún oṣù púpọ̀ lè ti gan nínú túùbù. Ẹ ra ìbọn tí a fi ń tẹ̀ ẹ́, ìgò práímà dúdú kékeré tó bá gọ́ọ̀mù náà mu (ohun tí a ń kọ́kọ́ kùn kí gọ́ọ̀mù lè lẹ̀ dáadáa), ìbọ̀wọ́ rọ́bà, àti téèpù bébà tí àwọn apọ̀dà ọkọ̀ ń lò. Ẹ má ṣe fọwọ́ lásán kan gọ́ọ̀mù náà. Kò dára fún ara, kì í sì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Bí ikọ́ fée bá ń bá ẹnikẹ́ni nínú yín jà, kó jìnnà síbẹ̀.

Gbígbẹ ni ìdajì iṣẹ́ náà. Bí omi bá ṣì wà nínú ojú jíjò tí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù bò ó, ẹ ti sé omi mọ́ inú irin. Ẹ gbé ọkọ̀ sínú oòrùn, kí ẹ sì ní kí fọkánáísà fi afẹ́fẹ́ táyà fẹ́ etí gíláàsì yẹn dáadáa. Díráyà irun náà ṣeé lò bí kò bá gbóná jù, ṣùgbọ́n ẹ máa gbé e kiri. Bí ẹ bá dá ooru dúró sójú kan, gíláàsì lè sán.

Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ń jò, ẹ ní láti yọ wáípà àti ike abẹ́ rẹ̀. Kí ẹ tó yọ wáípà, ẹ lẹ téèpù mọ́ gíláàsì ní ibi tí apá rẹ̀ dúró sí, kí ó lè padà sí àyè rẹ̀. Bọ́tìnnì ike tó di í mú ti gbó nínú tòkúnbọ̀, ó máa ń kán, nítorí náà ẹ ra bí mélòó kan pamọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tàbí òkè, ẹ rọra gbé rọ́bà etí gíláàsì sókè pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ. Ẹ má fi screwdriver ṣe é. Irin á họ ọ̀dà, ibi tí ọ̀dà bá ti họ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀; etí gíláàsì ló sì tún rọrùn jù láti sán.

Ẹ óò rí gọ́ọ̀mù dúdú àtijọ́ nínú kòtò yẹn, bóyá ẹ óò sì rí ojú ibi tó ti fo, tàbí tó ti ya kúrò lára gíláàsì. Ẹ fi bíléèdì fá ojú gọ́ọ̀mù àtijọ́ náà díẹ̀, kí ara rẹ̀ tuntun hàn. Gọ́ọ̀mù tuntun kì í lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tó bí ó ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ fi spírítì nu ara gíláàsì àti ara ọ̀dà, kí ẹ sì dúró títí spírítì náà á fi fẹ́ lọ pátá, nítorí kì í jẹ́ kí polyurethane gan dáadáa bó bá kù síbẹ̀. Kẹrosíìnì àti pẹtiróòlù kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ rárá; òróró wọn máa ń ṣẹ́kù. Ibi tí irin bá ti hàn, ẹ ta práímà sí i, kí ẹ sì fi díẹ̀ kan ara gíláàsì pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sára ìgò.

Ẹ wá lẹ téèpù bébà sí apá méjèèjì kòtò náà. Ẹ gé ẹnu túùbù tẹ́ẹ́rẹ́, kó lè wọ inú kòtò. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe é tì: wọ́n á fa gọ́ọ̀mù kọjá lókè, á dán, á lẹ́wà, omi á sì gba abẹ́ rẹ̀ wọlé. Ẹ ti ẹnu túùbù wọ inú, kí ẹ máa tẹ gọ́ọ̀mù kó lè wọ abẹ́ gíláàsì, kó kún láti inú bọ̀ síta. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 ṣáájú ojú jíjò, kí ẹ sì kọjá rẹ̀ níwọ̀n bẹ́ẹ̀, láì dáwọ́ dúró láàárín. Ẹ fi ike pẹlẹbẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì bó téèpù kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí nínú ooru àti ọ̀rinrin ìgbà òjò, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ gan. Ẹ dá rọ́bà etí gíláàsì padà, kó bo gọ́ọ̀mù náà mọ́lẹ̀. Oòrùn ń jẹ polyurethane. Ìdí tí wọ́n fi fi ọ̀dà dúdú yí etí gíláàsì ká láti ilé iṣẹ́ nìyẹn, kí oòrùn má lè gba inú rẹ̀ dé ibi gọ́ọ̀mù.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ fi wíńdò kan sílẹ̀ ní ṣíṣí díẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí gbogbo wíńdò bá wà ní títì tí ẹnì kan sì já ilẹ̀kùn pa, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ á ti gọ́ọ̀mù tútù náà síta. Gọ́ọ̀mù yìí máa ń gan láti òde lọ sí inú, ní ìwọ̀n 3 sí 4 mílímítà ní wákàtí 24, ìgbà ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ gbẹ ló sì máa ń falẹ̀. Ẹ wá ibi tí òjò kò ti ní na ọkọ̀ náà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ gbé họ́ọ̀sì àti tíṣù jáde, kí ẹ tún ìdánwò náà ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ṣe é lákọ̀ọ́kọ́.

Bí ẹnikẹ́ni tó ń ka èyí bá ní Peugeot 504 tàbí Volkswagen Ìjàpá, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn kò ní gọ́ọ̀mù líle. Rọ́bà ńlá kan ló gbá gíláàsì mú yíká. Rọ́bà náà máa ń gan nínú oòrùn, á sún kì, igun rẹ̀ á sì lanu. Tirẹ̀ ni kí a rọra gbé ètè rọ́bà sókè, kí a tẹ gọ́ọ̀mù rírọ̀ tí kì í gan sí àárín rọ́bà àti gíláàsì, lẹ́yìn náà sí àárín rọ́bà àti irin. Bí rọ́bà náà bá ti sán, rọ́bà tuntun ló kù. Níbẹ̀, iṣẹ́ ilé dára gan-an, okùn kan àti ènìyàn méjì tó: a ó fi okùn sínú kòtò rọ́bà yíká, ẹnì kan á máa ti gíláàsì wọlé láti ìta, ẹnì kejì á máa fa okùn láti inú kí ètè rọ́bà lè gun orí irin.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí kápẹ́ẹ̀tì tó ń rùn. Fóòmù tó nípọn wà lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń mu omi pamọ́. Òkè kápẹ́ẹ̀tì lè gbẹ kí fóòmù sì tutù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, irin ilẹ̀ ọkọ̀ á sì máa dógùn-ún lábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ fi igi tì í, kí ẹ fún omi inú fóòmù jáde pẹ̀lú àkísà, kí ẹ sì gbé fáànù kọjú sí i láti àárọ̀ títí di alẹ́ fún bí ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo àwọn wáyà tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí ibi ìsopọ̀ tó ti ní àwọ̀ ewé tàbí funfun, ẹ pe réwáyà kó fọ̀ ọ́ kí iná ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Bí ẹ bá sì rí i pé etí gíláàsì ti ń funfun bíi wàrà, omi ti ń wọ àárín abala gíláàsì méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Gọ́ọ̀mù kò lè tún ìyẹn ṣe, gíláàsì náà kò ní pẹ́ béèrè ìpààrọ̀.

Ní ti Èkó: bó bá jẹ́ pé ojú kékeré kan lẹ dí, tí ìyókù gíláàsì dúró ṣinṣin, tí ìdánwò omi sì yege lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ máa lọ. Ẹ kàn má gbé e lọ fún àwọn afọkọ̀ olómi alágbára fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ní láti yọ gíláàsì náà kí wọ́n tún un lẹ̀, ara túùbù gọ́ọ̀mù ni wọ́n ti máa ń kọ iye wákàtí tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ fi dúró. Àwọn kan jẹ́ wákàtí kan, àwọn mìíràn pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ ní kí oníṣẹ́ fi hàn yín kí ẹ fojú ara yín kà á, kí ẹ sì bi í bóyá ó ti lo práímà. Bí àkókò náà kò bá tíì pé lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rìn, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Èkó.